Fóònù Olójú Méjì, Owó Gọbọi
Ó ti sú mi! Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé fóònù olójú méjì tuntun jáde, ẹni tó bá kọ́kọ́ rà á ni wọ́n máa ń fi dánra wò. Ẹ wo Surface Duo tí Microsoft gbé jáde ní 2020: $1,399, síbẹ̀ kò ní NFC, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kéèyàn fi fóònù kan ẹ̀rọ ìsanwó láti sanwó! Android 11, ẹ̀dà ètò tó ń darí fóònù, kò dé orí rẹ̀ àfi ìgbà tó di oṣù kìíní 2022. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án 2023, àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ètò orí rẹ̀ ti dópin. Ọdún mẹ́ta péré! Bẹ́ẹ̀ ó wù mí o, kí n máa ka ìwé lójú kan, kí n máa kọ nǹkan sí èkejì. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ parí iṣẹ́ yín kí ẹ tó gba owó wa!