Ẹ̀jẹ̀ Kò Mọ Arsenal

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a kún inú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan nítòsí Táákì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ooru ń mú wa bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná. Bàbá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sórí itan. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, jẹ́sì Arsenal tí wọ́n wọ̀ fún un sì gùn dé orúnkún rẹ̀. Bí Arsenal ṣe gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ọmọ yìí ló kọ́kọ́ pariwo, kí bàbá rẹ̀ tó yanu. Ni bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn wa bá mi orí, ó ní: "Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ẹni bíni là ń jọ." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi náà mi orí. Ta ló fẹ́ bá àgbàlagbà jiyàn nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọ̀n? Ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, n kò sì gbà á gbọ́ títí dòní. Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu wa. Bí ọmọ bá mọ eré sá, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ náà sáré nílé ìwé. Bí ọmọ ò bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kò jogún rẹ̀. Bó ṣe wù kó rí, bàbá ló ni ín, ẹ̀jẹ̀ ló sì gbé e wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gbé bọ́ọ̀lù rìn lóòótọ́, àwa ọmọ bàbá mi ì bá ti ya wèrè bọ́ọ̀lù. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni bàbá mi fi ṣe ẹ̀sìn kejì. Ife àwọn tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n gbà ní 1976, tó jẹ́ pé kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó ti gba irú rẹ̀ ṣáájú wọn, bàbá mi lè rò ó fún ẹ títí oúnjẹ á fi tutù. Yóò ka orúkọ Muda Lawal, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Sam Ojebode àti Best Ogedegbe bí ẹni ń ki oríkì. Ọmọ márùn-ún ló bí. Mẹ́ta nínú wa ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́nà àti pẹ́nárítì títí dòní. Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ràn eré ìdárayá jù nínú ilé, kò sì bá bàbá mi gbọ́ rédíò Shooting Stars lẹ́ẹ̀kan rí, nítorí àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń rán an lọ ọlọ. Àbúrò ìyá wa kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá nílé ìwé àwọn olùkọ́, ló máa ń mú un dání lọ sí pápá nírọ̀lẹ́. Èmi alára, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló fà mí wọ inú bọ́ọ̀lù. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń sá fún mi nídìí mọ́ńkì pósì, òun ló máa ń ní, "Ẹ fún mi ní kékeré yẹn, sẹ́ẹ̀tì tèmi ni." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ yẹn ló bí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó gba ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbọ́ ti ń mú ẹ̀rí tiwọn náà, ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n á ní ẹ wo Erling Haaland, agbábọ́ọ̀lù ni Alf-Inge bàbá rẹ̀. Wọ́n á gbàgbé pé ìyá rẹ̀ náà, eléré ìdárayá gidi ni, eré oríṣi méje tí wọ́n ń pa pọ̀ ṣe ẹyọ kan ló ń bá wọn díje nínú rẹ̀. Tẹ̀lé ìyẹn, wọ́n á ní ẹ wo Alex Iwobi, tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọlé Zambia ní Uyo ní 2017, tí Nàìjíríà fi lọ sí Ife Àgbáyé 2018. Ẹ̀jẹ̀ Jay-Jay Okocha ni! Ó dáa. Okocha kì í ṣe bàbá rẹ̀, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ò kan ilé bàbá rárá. Ọdún mélòó kan tí ọmọ yìí fi ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, Okocha wà ní Bolton, ó ń gbá bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Arsenal sì ti gba Iwobi sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn láti ìgbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí o bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ló kù tí a ó kà sí ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn?

Àṣìṣe wa níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá jọ bàbá rẹ̀ nìkan là ń kà. Ọmọ agbábọ́ọ̀lù tó di télọ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tó di agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀bùn Ọlọ́run là ń pe tiẹ̀.

Àwọn kan ti fi ọdún púpọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ìbejì ni wọ́n sì fi wádìí rẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn dùn mọ́ wa nínú, àwa tí Igbó-Ọrà wà ní ìpínlẹ̀ wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Oríṣi ìbejì méjì ló wà. Èkíní ni àwọn tí ẹyin kan pín sí méjì di wọn, ohun tí wọ́n jogún kò yàtọ̀ rárá. Èkejì ni àwọn tí ẹyin méjì bí, tí wọn kò jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lásán lọ (irú wọn ló pọ̀ jù nínú ìbejì tiwa nílẹ̀ Yorùbá). Ilé kan náà ni oríṣi méjèèjì ń gbé, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Bí eré ìdárayá bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé tí ẹyin kan bí gbọ́dọ̀ jọra nínú rẹ̀ ju àwọn ti ẹyin méjì lọ. Bí oríṣi méjèèjì bá jọra bákan náà, a jẹ́ pé ilé ló ṣe é.

Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n gbé àbájáde irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde ní 2005. Láàárín ọmọ ọdún 13 sí 16, ohun tó mú kí ọmọ kan máa ṣe eré ìdárayá kí òmíràn má ṣe é, ìdá 78 sí 84 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wá láti inú ilé àti àyíká tí àwọn ìbejì náà jọ ń gbé. Ohun àjogúnbá kò kó ipa kankan níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17 sí 18, àjogúnbá bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Lẹ́yìn 18, ó gba gbogbo ilé: ìdá 85. Ní ọdún kejì, ìwádìí mìíràn tó kó ìbejì orílẹ̀-èdè méje jọ, ìbejì 37,051 méjì-méjì, àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 19 sí 40, rí i pé àjogúnbá wà láàárín ìdá 48 sí 71, àfi láàárín àwọn ọkùnrin Norway nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ fò dìde: "Ṣé ẹ rí i! Ìdá 85! Ẹ̀jẹ̀ ni!" Jọ̀wọ́, jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó wọ jẹ́sì là ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bàbá àgbà sì ní ẹ̀jẹ̀ ló mú un pariwo. Ọjọ́ orí tí a ti máa ń darúkọ ẹ̀jẹ̀ jù gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ò tíì ní ohùn. Ìgbà tí ọmọ bá kúrò nílé, tí kò sẹ́ni tó ń jí i, tí kò sẹ́ni tó ń lé e kúrò ní pápá, ìgbà yẹn ni ohun tó jogún ń rí àyè. Ohun tó sì jogún, ara ni: bóyá ara rẹ̀ tètè ń gba eré, bóyá ó máa ń dùn mọ́ ọn tó bá sáré tàbí ńṣe ni ó ń rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó jogún Arsenal. Kò sẹ́ni tó jogún bọ́ọ̀lù gan-an. Ara tó gbóná fún eré lè bọ́ sí bọ́ọ̀lù, ó lè bọ́ sí ẹ̀ṣẹ́, ó sì lè parí sí orí kẹ̀kẹ́.

Ìdá wọ̀nyí náà kò gbọdọ̀ tàn wá. Kò túmọ̀ sí pé ìdá 85 nínú ìfẹ́ eré rẹ, ìwọ Lámọ́ín, wá láti ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wọ̀n. Níbi tí pápá bá ti wà ní gbogbo àdúgbò, tí ọmọ tálákà pẹ̀lú ọmọ olówó jọ ń rí bàtà wọ̀ lọ síbẹ̀, ìyàtọ̀ tí yóò kù láàárín wọn, inú ara wọn ló máa wà. Ibi tí ẹnì kan ti ní bàtà tí ẹnì kejì ò ní, tí wọ́n ti fi ilẹ̀ pápá kọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọdébìnrin ò lè kúrò nídìí igbá àkàrà títí di agogo méje alẹ́, àyíká á kó ipa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀.

Ìdí ayò ni mo ti rí i kedere jù. Lábẹ́ igi kan ládùúgbò wa, àwọn àgbà ń ta ayò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ," ọ̀ta á dáhùn, ọ̀pẹ á panu mọ́. Àwọn ọmọdé tó ń dúró lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń rán lọ ra obì, tí wọ́n ń ṣa ọmọ ayò tó bá já bọ́ sílẹ̀, àwọn náà ló di ọ̀ta nígbà tó yá. Ọmọ ọ̀ta tí kì í bá wọn dúró, kò mọ̀ ọ́n ta. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ayò wà. Gbogbo wa mọ̀ pé ìdúró ni, pé ẹni tí wọ́n bá gbà láyè kó dúró ló ń mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí a fi gbàgbé rẹ̀ nígbà tó kan bọ́ọ̀lù?

Ẹni tó ń gbani láyè yẹn sì ni kókó ọ̀rọ̀, kì í sì í sábà jẹ́ bàbá. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fo ìdènà lórí eré ọgọ́rùn-ún mítà ní Eugene ní 2022, tí kò sí obìnrin kankan tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí, ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀: bàbá òun ò fẹ́ kí òun máa sáré, ìwé ló fẹ́, ìyá òun ló ń bo òun láṣìírí kí òun lè lọ. Bàbá ń ti ilẹ̀kùn, ìyá ń ṣí i láti ẹ̀yìn. Bí a bá wá fẹ́ ka ẹ̀jẹ̀, àwọn méjèèjì ló bí i!

Ní ilé tiwa, wọ́n máa ń sọ fún ọmọdébìnrin pé eré sísá ò jẹ́ kí obìnrin tètè lóyún. Irọ́ ńlá gbáà, àmọ́ ó ti fa ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò ní pápá. Wò ó, àwọn ọmọdébìnrin wa tó ń ta tẹ́ń-tẹ́ń láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mélòó ló lè gbé e? Tí ọmú bá ti yọ báyìí, ìyá àgbà á ní ó tó. Lọ́dún méjì sí i, àwa náà á ní obìnrin ò fẹ́ràn eré, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

Ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, gbogbo ayé ló mọ̀ pé Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní 2022, ja ẹ̀ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, tí eré ìmárale kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ilé Ọ̀yọ́ ní oríkì tó kún agbọ̀n: ti ẹṣin wà níbẹ̀, ti ogun wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi ibọ̀wọ́ àti ríìǹgì hàn mí nínú rẹ̀, mo gba fún un. Láti Ọ̀yọ́ yẹn kan náà ni Quadri Aruna ti wá, ẹni tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú Ife Àgbáyé tẹ́bù tẹ́nìs ní 2014.

Mo dárúkọ tẹ́bù tẹ́nìs nítorí ọmọ mi. Èmi tí mò ń lọ sí pápá Sọ̀ún láti lọ wo Crown FC, mo ra bọ́ọ̀lù fún un kó tó lè rìn dáadáa. Bọ́ọ̀lù náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ló wá kí wa nígbà ọdún Iléyá, tó ń gbé e lọ sí ilé kejì tí wọ́n ti gbé pákó lé orí bẹ́ńṣì méjì, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ṣe nẹ́ẹ̀tì. Màmá á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ka àmì bí ọmọ bá ṣe ń gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ òfin rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá já sílẹ̀, àmì kan ni, ti ẹni yòówù kó jẹ́. Wọ́n ti padà sí Ìkòyí-Ilé láti bí oṣù mẹ́ta. Lójoojúmọ́ tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, àpò ìwé á lọ síhìn-ín, bàtà á lọ sọ́hùn-ún, a ó máa gbọ́ pá-pá-pá láti ilé kejì.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi kan dúró wò ó lójú wíńdò. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ìwọ náà ń gbá tẹ́bù tẹ́nìs nígbà kan ni?"