Dídín Ariwo Kù Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ohùn Dára

Wọ́n ń sọ kiri pé bí hẹ́dìfóònù bá ṣe ń dín ariwo ìta kù tó ni ohùn orin inú rẹ̀ ṣe ń dára tó. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń ná àwọn ènìyàn lówó.

Gbohùngbohùn kéékèèké ara hẹ́dìfóònù ló ń gbọ́ ariwo ìta, tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ yóò sì gbé ìgbì ohùn tó dojú kọ ọ́ jáde, kí méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Inú ọkọ̀ òfurufú ni Amar Bose, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn Bose sílẹ̀, wà ní 1978 nígbà tí èrò yìí sọ sí i lọ́kàn, irú ariwo tó ń hùn láìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n náà ń kápá jù. Híhùn jẹnẹrétọ̀ yóò lọ sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà bá fọn fèrè lójijì, ẹ óò ṣì gbọ́ ọ.

Ohùn orin ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ awo tín-ínrín tó ń gbọ̀n nínú hẹ́dìfóònù, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, àti bí tìmùtìmù rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ etí. Apá awò ojú lásán tó bá la àyè díẹ̀ sílẹ̀ lè jẹ́ kí béèsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ orin, dínkù. Kí ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́ orin tó mọ̀ dunjú, kí ó tan ìdínkù ariwo, kí ó tún pa á, kí ó sì rí i pé ìró ga bákan náà nígbà méjèèjì, nítorí etí máa ń ka ohùn tó ga jù sí èyí tó dára jù. Ẹni tó ń gbọ́ orin nínú yàrá tó dákẹ́ lè rí ohùn tó dára jù lára oníwáyà tí owó rẹ̀ kéré.