Nintendo kọ́ ló gba Bayonetta 2 lọ́wọ́ yín

Ìgbàkígbà tí géèmù kan bá jáde fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ni pé wọ́n ti fowó ra àwọn tó ṣe é, kí ojú lè pọ́n àwọn tó ní ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí ó ń bo iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù mọ́lẹ̀.

Ẹ wo géèmù Bayonetta. PlatinumGames ti ìlú Osaka ní Jàpáànù ló ṣe é, ilé iṣẹ́ géèmù Sega ló gbówó kalẹ̀. Ó jáde lọ́dún 2009 fún ẹ̀rọ PlayStation 3 (PS3) àti Xbox 360. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2012, Nintendo kéde pé Wii U, ẹ̀rọ géèmù tirẹ̀, nìkan ni Bayonetta 2 máa wà fún. Ariwo sọ! Wọ́n ní Platinum ti ta àwọn tó kọ́kọ́ ra ọjà rẹ̀.

Kò ta ẹnikẹ́ni. Sega ti dá iṣẹ́ apá kejì dúró. Òun náà ló ni Bayonetta, Platinum ò lè dá gbé e lọ síbì kankan, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tibì kan wá. Nintendo, tó ń wá géèmù fún Wii U lójú méjèèjì, ló gbówó sílẹ̀. Hideki Kamiya tó darí apá kìíní ti sọ ọ́ ní gbangba: láìsí Nintendo, kò ní sí Bayonetta 2.

Wàhálà iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Orí Xbox 360 ni Platinum ti ṣe apá kìíní. Àwọn ará Sega ló gbé e dé PS3. 360 ní mẹ́mórì 512 MB tí gbogbo nǹkan jọ ń lò. Ti PS3 pín sí 256 MB lọ́nà méjì, ọpọlọ ẹ̀rọ náà sì tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tó le. Ẹni tó bá gbá a lórí PS3 mọ ohun tó yọrí sí. Bí ọ̀tá bá ti pọ̀, àwòrán á máa wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú géèmù yìí, ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó bà ọ́ lo gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́! Atsushi Inaba ti Platinum fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ti PS3 yìí ni ìjákulẹ̀ wọn tó tóbi jù lọ.

Mi ò sọ pé owó kì í dínà o. Microsoft tó ni Xbox bá ilé iṣẹ́ géèmù Square Enix dòwò pọ̀ kí Rise of the Tomb Raider lè kọ́kọ́ jáde fún Xbox lọ́dún 2015. Àwọn tó ní PS4 dúró di oṣù kẹwàá 2016. Ìbínú tiwọn tọ́.

Ti Bayonetta 2 yàtọ̀. Ó jáde fún Wii U lọ́dún 2014, ó dé orí Switch, ẹ̀rọ Nintendo mìíràn, lọ́dún 2018. Ẹni tó bá ń bínú pé kò dé PlayStation, Sega tó yọwọ́ ni kó kọjú sí.