Ìpín Àwọn Gómìnà Nínú Owó-Orí Ọjà Ti Pọ̀ Sí I. Kí Ni Wọ́n Máa Fi Ṣe?

Òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026, ọwọ́ àwọn gómìnà sì ti tẹ ohun tí wọ́n jà fún. Nínú owó-orí ọjà tí gbogbo ayé ń pè ní VAT, ìpín ìjọba àpapọ̀ ti já wálẹ̀ láti 15 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn ìpínlẹ̀ ti gòkè láti 50 sí 55, ti ìjọba ìbílẹ̀ sì dúró sórí 35. Gbogbo wa la rántí ariwo tó wáyé kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀: àwọn gómìnà Àríwá ní àwọn ò gbà, wọ́n ṣèpàdé títí, kí gbogbo wọn tó jọ fẹnu kò. Orí bí wọ́n ṣe máa pín owó náà ni ìjà ọ̀hún dá lé. Ohun tí wọ́n máa fi ṣe fún ẹni tó san án kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà, a sì ti ń sọ ọ́ kí òfin yìí tó délẹ̀.

Ẹ wo iye tí à ń sọ. Ní ọdún 2023, VAT tí wọ́n gbà jákèjádò Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 3.6 náírà. Ní 2024, ó ti di nǹkan bíi tírílíọ̀nù 6.7. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ti ń gbà láti oṣù kejì ọdún 2020 náà ni wọ́n ṣì ń gbà. Ọ̀wọ́n-gógó ọjà àti náírà tó ń ṣubú wà lára ohun tó sọ owó náà di ńlá: bí páànù ìkọ́lé bá wọ́n sí i, owó-orí tó wà lórí rẹ̀ náà á wú. Àwọn ìpínlẹ̀ ló sì ń gba ìdajì owó yẹn nígbà náà. Ilé ìwòsàn alábọ́dé wo ni àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan ọ̀hún? Owó òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wo ló bá a gòkè?

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì yìí ló ń dùn wá jù. Abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù bá yí padà. Ìwé òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó ń gba iye kan náà láti ọdún mélòó kan, ló ń san VAT tó ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá gbówó lérí. Ìjọba ń gba owó lórí ọ̀wọ́n ọjà, ó sì fi ẹni tí ọ̀wọ́n ọjà náà ń pa sílẹ̀ níbi tó wà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òfin yìí ní ohun tó dára nínú. Kò sí VAT lórí oúnjẹ pàtàkì tí à ń jẹ lójoojúmọ́, owó iléèwé, ìtọ́jú ìlera, owó ilé àti owó ọkọ̀ èrò. Àwọn aṣòfin náà kò gbà kí wọ́n gbé VAT kúrò ní 7.5 lọ sí 10, kó di 12.5, kó tó wá di 15 ní ọdún 2030, bí àbá àkọ́kọ́ ṣe fẹ́. A yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọṣẹ, aṣọ, símẹ́ǹtì, fóònù àti káàdì ìpè ṣì wà lára ohun tí wọ́n ń gba VAT lé lórí. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà lóṣù àti ẹni tó ń gba mílíọ̀nù méje ń san iye kan náà lórí páálí ọṣẹ kan.

Ẹ̀rù ń bà wá pé ọ̀rọ̀ 15 yẹn ṣì ń bọ̀ wá, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọn kì í sọ fún aráàlú. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń san VAT. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn mílíọ̀nù 100 náírà fún agbaṣẹ́ṣe, mílíọ̀nù 7.5 ni VAT tó máa lé e lórí. Inú àpò gbogbogbòò ni owó yẹn ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń pín in fún ìjọba àpapọ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Díẹ̀ bíńtín ló máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ilé ìwòsàn. Bí VAT bá wá di 15, mílíọ̀nù 15 ni yóò lé iṣẹ́ kan náà lórí, láìfi ibùsùn kan kún un. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé gbogbo owó tí wọ́n bá fi kún owó-orí ọjà ló máa di iṣẹ́ ìlú.

A ti gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé VAT kúrò ní 5 sí 7.5 ní ọdún 2019, àlàyé tí Zainab Ahmed, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, ṣe ni pé àwọn ìpínlẹ̀ nílò owó tí wọ́n máa fi san owó oṣù tó kéré jù lọ, 30,000 náírà. Aráàlú san án. Owó wọlé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà tí wọn kò san 30,000 náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa kò rántí gómìnà kan tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bi léèrè ibi tí 2.5 tí wọ́n fi kún un wọlé sí. Ó sú wa, a ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ta ni ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún gan-an?

Ti ìjọba ìbílẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ẹ wo Ọ̀ṣun: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ dúró, torí ìjà lórí ta ni alága tòótọ́. A ò fẹ́ mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó jàre. Nígbà tí wọ́n dá owó yẹn dúró, àwọn ará Ìlá, Ìwó àti Ẹdẹ ń san VAT lórí ọṣẹ bíi ti gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì dá tiwọn dúró.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní ọdún 2011, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Owó kékeré ni, àmọ́ ó ń dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, kó tó di pé ìjọba yí padà tí ètò náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun tí à ń béèrè kò ju agbára wọn lọ. Kí ilé aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì pe kọmíṣánnà ètò ìṣúná wọn kí ìdajì ọdún yìí tó pé, kó wá sọ ní gbangba iye tí 5 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ìpín wọn mú wọlé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìṣúná lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi òfin yà á sọ́tọ̀ fún gbèsè àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti ilé ìwòsàn alábọ́dé, àwọn méjèèjì nìkan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa lẹ iye tó gbà mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá tí ìyálọ́jà lè kà. Títí dìgbà tí wọ́n bá ṣe èyí, aṣòfin láti ilẹ̀ Yorùbá tó bá dìbò fún kí VAT kọjá 7.5, orúkọ rẹ̀ máa jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú orúkọ ẹkùn ìdìbò rẹ̀.