Àṣírí ẹni tí kò béèrè iṣẹ́

Olóòtú, nínú ìròyìn yín lórí SF-86, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ, ẹ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò yẹ kó bẹ̀rù ìbéèrè. N kò fara mọ́ èyí, nítorí ibi tí ìdáhùn ń gbé lẹ́yìn ìbéèrè ló ń kọ mí lóminú.

Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ilé tí ènìyàn ti gbé fún ọdún 10, gbèsè tó jẹ, oògùn olóró tó lò, àti orúkọ òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ ìyá àti ojúlùmọ̀ òkè òkun. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n n'Íbàdàn, tó sì ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n náà síbẹ̀, yálà ẹ̀gbọ́n mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní 2015, OPM, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí nígbà náà, kéde pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti jí ìsọfúnni nípa ènìyàn mílíọ̀nù 21.5 kó, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 nínú wọn kò wá iṣẹ́ kankan, ọkọ, aya tàbí alájọgbé ẹni tó ń wáṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìtẹ̀ka ènìyàn mílíọ̀nù 5.6 bá a lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ ìka.

Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn ìjọba ní 2011 nínú ẹjọ́ NASA v. Nelson, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi tako irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní NASA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, ó sì tọ́ka sí òfin 1974 tó ń dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba ni òfin yẹn lè dè lọ́wọ́, kì í ṣe olè. Ní tèmi, ó yẹ kí wọ́n dín ọdún tí wọ́n fi ń tọ́jú ìdáhùn kù, kí wọ́n sì máa fi tó àwọn ìbátan tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ létí.