Èrò ọkàn mi lórí crossword aládììtú tí ó dá lórí igi, ewé àti èso

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni ó gbà pé crossword aládììtú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, eré tí a ti ń fi lẹ́tà ìdáhùn kún àwọn ojúlé kéékèèké, tí gbólóhùn atọ́ka rẹ̀ sì ń fi ìdáhùn náà pamọ́, kì í ṣe eré tiwa, pàápàá jù lọ èyí tí ó bá dá lórí igi àti òdòdó, nítorí ta ni nínú wa ni ó mọ orúkọ koríko tí ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú wọn? Èmi kò fara mọ́ ọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ dàgbà, tí ó sì ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pe ọfọ̀ sí ewé, ti kọ́ ohun tí ó le jù nínú eré náà kí ó tó fojú kàn án, ìyẹn ni pé kí a má ṣe gba ojú tí gbólóhùn kọ́kọ́ fi hàn wá gbọ́.

Crossword lásán ni Arthur Wynne kọ́kọ́ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá di àdììtú, nígbà tí ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Torquemada bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ fún ìwé ìròyìn The Observer ní 1926. Ximenes, tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1939, ni ó fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ pé gbólóhùn atọ́ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní apá méjì: ọ̀kan yóò sọ ìtumọ̀ ìdáhùn, èkejì yóò fi eré ọ̀rọ̀ dé ibi kan náà, kò sì gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan tí ó kàn jókòó lásán láàárín wọn. Òfin yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òun ni kò jẹ́ kí àìmọ orúkọ òdòdó wọn dí wa lọ́nà. Ẹ wo atọ́ka tí mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 6: "Senior chided for hiding flower." Bí a bá kà á lóréfèé, àgbà kan ni wọ́n bá wí nítorí pé ó fi òdòdó pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ gan-an ni ó fi nǹkan pamọ́. Ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ gé orí, ẹ gé ìrù, "orchid" ni yóò kù láàárín. Ẹni tí kò rí òdòdó náà rí lè kọ ọ́ sínú àwọn ojúlé kéékèèké náà láìbẹ̀rù, kí ó tó lọ yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò. Àrékérekè kan ṣì wà níbẹ̀ o: nígbà mìíràn "flower" kì í ṣe òdòdó rárá, odò ni, nítorí odò ni ó ń "flow".

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àlọ́ wa. "Awẹ́ obì kan, àjẹdọ́yọ̀ọ́." Ọmọdé tí ó bá ń wá igi obì kiri kò ní gba àlọ́ náà, nítorí ahọ́n ni. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò" sì gbé ọlọ́mọ yọyọ kò wá lójú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀wà olójú dúdú ni ó ń sọ. Ti ọfọ̀ tilẹ̀ sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí wọ́n bá ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, tàbí pé pèrègún ni ó ń pe irúnmọlẹ̀ wá sí ayé, inú orúkọ ewé náà ni wọ́n ti fa iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ohùn nìkan ni ó yí díẹ̀. Àwọn lẹ́kulẹ́ja ọjà Odò-Ògbè mọ èyí bí ẹní mowó, bí wọn kò tilẹ̀ ní pè é ní eré.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Iléṣà ta kò mí. Wọ́n ní àlọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá rò, pé ẹnu ìyá àgbà ni a ti ń gba ìdáhùn rẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: ẹni tí kò gbọ́ àlọ́ ahọ́n rí lè jókòó dọ̀la kí ó má rí i gbà, kò sì sí ọ̀nà kejì tí yóò fi mọ̀ bóyá òun gbà á. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi ti oko yín ṣe é." Mo fún wọn ní èyí, lẹ́tà 5: "Two companies get a Nigerian crop." "Co" ni ìgékúrú iléeṣẹ́, fi méjì rẹ̀ ṣíwájú "a", "cocoa" dé. Mo tún fún wọn ní èyí, lẹ́tà 4: "Some chocolate nut." Wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ìka bo ìbẹ̀rẹ̀ "chocolate", wọ́n fi òmíràn bo ìparí rẹ̀, ni "cola" bá yọjú sí wọn. Obì wà nínú ohun tí a fi kòkó ṣe, bí igi obì ṣe wà láàárín igi kòkó nínú oko Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà! Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún mi tán.

Nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí mo kan sáárá sí jù ni John Graham, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí ó ń ṣe crossword fún ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1958 títí ó fi kú ní 2013. Araucaria ni ó ń pe ara rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn orúkọ igi ilẹ̀ Chile kan tí wọ́n tún ń pè ní "monkey puzzle", nítorí pé ewé rẹ̀ mú ṣóńṣó débi pé gígun igi náà yóò dààmú ọ̀bọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, inú crossword ni ó ti sọ fún àwọn tí ó ń bá a ṣeré pé àìsàn jẹjẹrẹ ń ṣe òun.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí a máa ṣe tiwa, kí ewé àti èso ilẹ̀ wa kún inú rẹ̀. Ní tèmi, "gb" gbọ́dọ̀ wà ní ojúlé kan ṣoṣo, nítorí lẹ́tà kan ni, a sì lè yọ àmì ohùn kúrò, kí igba, igbá, ìgbà àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ lè jọ máa gbé ojúlé kan náà. Àmì ìsàlẹ̀ ni n kò ní gbà kí a yọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ná mi ní ohun tí ó dùn: bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, a ò bá ka ọ̀pẹ láti ẹ̀yìn, kí ó sì di epo. Ata kò ní irú ìṣòro yẹn, ibi tí ó wù kí a ti kà á, yóò ta ni. Èyí náà rọrùn, lẹ́tà 3: "Àlí padà sẹ́yìn, ó di ohun tí à ń rẹ́ sí ọbẹ̀." Ilá ni.

Ẹ wá gba èyí, lẹ́tà 3 náà ni: "Wọ́n ti yí ìbò padà, ẹ gbé e fún àlejò." Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òṣèlú ni mo ń sọ.