Àtúnṣe: Irọ́ ni pé kò sófin lórí owó ilé l'Ékòó

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ilé l'Ékòó: "Kò sófin tó de onílé. Bó bá ní ọdún méjì lòun fẹ́ gbà, ẹ sanwó. Ìbò dídì ò kan owó ilé."

Irọ́ ni. Láti ọdún 2011, nígbà tí Fáṣọlá wà nípò gómìnà, lòfin ti wà. Onílé tàbí éjẹ́ńtì ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbalé. Ayálégbé tó ti wà nílé, tó ń sanwó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà lòpin tiẹ̀. Ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ayálégbé tó bá fúnra rẹ̀ fi owó ọdún méjì lọ onílé náà ti rúfin.

Òfin ọ̀hún ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé ń rú u láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Ó dùn mí fún ọ̀dọ́ tí gbogbo owó tó tù jọ lọ sórí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù. Àmọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tí a dìbò yàn ló ṣòfin yẹn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan náà ló gbé àbá òfin tuntun yẹ̀ wò lọ́dún 2025. Ẹ bi aṣojú àdúgbò yín níbẹ̀ pé kí ló dé tí òfin ò fi múlẹ̀, kó tó wá tọrọ ìbò yín.